Kí Oníbodè Tó Tilẹ̀kùn

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló bi mí léèrè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí ni à bá máa pe àkókò tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú máa ń pa káńtà dé, tí wọn kì í gba èrò mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò tíì gbéra. Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gbé mi lọ sí ibi kan tí n kì í fẹ́ rántí. Nítorí náà, ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ń wá yóò wà nínú rẹ̀ kí n tó parí.

Ìlúmọba-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dàgbà nírú ìlú wa, inú gáréèjì ni yóò ti kọ́kọ́ mọ òfin ìrìnàjò, òfin náà kò sì ṣòro. Ọkọ̀ inú gáréèjì kò ní àkókò. Iye èrò ni ó ní. Bí agbèrò bá ń pariwo pé ‘Adó! Adó! Ó ku ẹnì kan!’, ẹ má yára gbà á gbọ́, ó lè ku ẹni mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọlé tí ẹ jókòó, ìjókòó ti di tiyín. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ lè fi gèlè tàbí báàgì lé orí ìjókòó náà kí ẹ sì lọ ra omi. Kò sí ọmọlúàbí tí yóò gbé e kúrò. Bí ẹnì kan bá sì ń sáré bọ̀ láti òkèèrè, tí ó ń juwọ́, tí ẹrù ń mì lórí rẹ̀, inú gbogbo èrò ni yóò dùn. Ẹni tó pẹ́ jù yẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Òun ni ó máa jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òfin pápákọ̀ òfuurufú lòdì sí i pátápátá. Níbẹ̀, ọkọ̀ lè máà kún kí ó sì lọ. Ẹ lè ti sanwó ìjókòó láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ìjókòó náà má sì jẹ́ tiyín mọ́ nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń retí.

Ní ọdún 2019 ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bí àkọ́bí rẹ̀. Bàbá wa ti di olóògbé nígbà náà, ọkùnrin sì ni ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Yorùbá, n kò ní láti sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ìyá mi. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. A ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan láti Àkúrẹ́ sí Èkó ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀sán, èkejì láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òru ọjọ́ kan náà. Èmi ni mo máa sìn ín dé Èkó. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí ọmọ náà ni ọjọ́ ìrìnàjò yìí, kí ìyá lè sinmi díẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, kí ó sì wà níbẹ̀ láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ.

Mo sun Ìlúmọba mọ́jú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni a pinnu láti kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan gbé èlùbọ́ wá fún ìyá ọmọ. Òmíràn gbé ẹja gbígbẹ. Ọ̀kan ní kí á bá òun mú ọṣẹ dúdú lọ. A tú ẹrù, a tún un dì. Àwọn àgbà gbàdúrà, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún àgbà tó ń gbàdúrà pé kí ó ṣe kíá. Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa kí a tó kúrò nílé.

A gba Ìjàn dé Adó, a sì kọrí sí ọ̀nà Ìkéré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ mọ ariwo tí a ti ń pa lórí ọ̀nà náà láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí a dé Ìkéré, ìyá mi ní kí n yà sọ́tùn-ún. Àbúrò rẹ̀ kan fẹ́ ọkọ síbẹ̀. Ó ní, ‘Báwo ni n ó ṣe gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí ìlú òyìnbó láìdágbére?’ Mo wo aago ọwọ́ mi. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, ‘Ọkọ̀ aago kan kọjá ni. Bí a bá dé ní aago kan, a ti dé.’ Mo yà sọ́tùn-ún.

Ẹ má ṣe dá ìyá mi lẹ́bi. Èmi ni mo kàwé. Èmi ni mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdá-èdè, tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe ka ọ̀rọ̀ kan láìka èyí tó yí i ká. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, àkókò kan ṣoṣo ni ojú mi rí, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ. N kò ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni a dé pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kí ìyá mi tìyẹ́sítìyẹ́sí, ó sì kọjú sí mi. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. A ti pa káńtà dé láti aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.’ Ìṣẹ́jú 7 ni a fi pẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti ọmọ tuntun fún un. Ó bá wa kẹ́dùn, mo sì rí i pé kò fi ẹnu lásán ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n ti fi ìwé iye èrò ránṣẹ́ sí awakọ̀, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Ìyá mi ti lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń wo ìta.

Ó ní, ‘Ṣebí ọkọ̀ náà nìyẹn?’

Mo ní, ‘Òun ni, Màámi.’

‘Ṣebí ó ṣì dúró?’

‘Ó ṣì dúró, mà.’

‘Ṣé ó ti kún ni?’

Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ọkọ̀ náà kò kún. Mo sọ fún ìyá mi pé kò kún.

Ó wò mí. Ó ní, ‘Kí ló wá dé?’

N kò rí èsì kankan fún un. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ni ó bá òfin ìrìnàjò tó mọ̀ mu. Ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ kò kún, èrò ti dé, owó rẹ̀ sì ti wọlé. Nínú gáréèjì, kò sí ohun tó kù ju kí á gbé ẹrù sínú but. Mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, mo sì ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀ kedere pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra ni káńtà yóò ti padé, àti pé ẹni tí kò bá dé kí àkókò yẹn tó pé ti pàdánù ìjókòó rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ìyá mi ní, ‘Ṣé ulé náà ni?’ Ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ náà tó gbéra. Òun náà pẹ́. A dúró níbẹ̀, a sì wò ó bí ó ṣe lọ.

A kò padà sílé. A gba ojú títì lọ sí Èkó. Ní ọdún yẹn, iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ọkọ̀ kò sì ráyè rìn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú méjì ni a wọ pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Wákàtí kan gbáko ṣáájú ìgbéra ni iléeṣẹ́ kejì yìí máa ń pa káńtà tirẹ̀ dé, èyí ni pé wọ́n ti pa á dé láti ìṣẹ́jú 13 sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì ní Àkúrẹ́ ló ti ilẹ̀kùn kejì ní Èkó. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni a tó rí ìjókòó mìíràn, a sì san àfikún owó lé e. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n bí ọmọ náà ni ìyá mi tó gbé e.

Wọn kò lè yí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ padà. Àwọn ará ti pé, wọ́n sì ti gba gbọ̀ngán. Orí fóònù ni ìyá mi ti sọ orúkọ tí ó ní fún ọmọ náà, ní yàrá kan ní Èkó, pẹ̀lú gèlè lórí, bí ẹni tó wà láàárín èrò. Wọ́n bá a sọ owó tirẹ̀ sínú omi. Lẹ́ẹ̀mejì ni ohùn rẹ̀ já. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sì lè gbójú sókè.

Ó pẹ́ kí inú mi tó rọ̀ débi tí mo lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìwà ọ̀dájú lásán ni. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé iṣẹ́ púpọ̀ ló wà láàárín ìgbà tí káńtà padé sí ìgbà tí ọkọ̀ gbéra. Ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ohun tí a ní láti mọ ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó fò. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka iye èrò, kí wọ́n mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, kí wọ́n sì mọ apá ibi tí ìwúwo náà pọ̀ sí, níwájú tàbí lẹ́yìn. Inú ìwé kan ni wọ́n ń kọ gbogbo èyí sí, awakọ̀ a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnì kan bá tún wọlé pẹ̀lú àpótí méjì, ìwé náà ti di irọ́ nìyẹn.

Ìdí kejì le ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1985, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú ọkọ̀ Air India lórí òkun lẹ́bàá Ireland, ènìyàn 329 sì kú. Ẹnì kan ló fi ẹrù sílẹ̀ ní Kánádà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1988, bọ́ǹbù mìíràn tó wà nínú àpótí tí kò ní olúwa nínú ọkọ̀ fọ́ ọkọ̀ Pan Am sórí ìlú Lockerbie ní Scotland. Ènìyàn 259 ló kú nínú ọkọ̀, 11 sì kú nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin ti le sí i pé ẹrù kò gbọdọ̀ rin ìrìnàjò sí òkè òkun láìsí ẹni tó ni ín. Bí èrò kan bá fi ẹrù sílẹ̀ tí kò sì yọjú sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ní láti wá ẹrù rẹ̀ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí wọ́n sì yọ ọ́. Iṣẹ́ yẹn náà ń jẹ àkókò. Nígbà tí mo mọ èyí, mo rí i pé ọmọbìnrin Àkúrẹ́ yẹn kò jẹ́ mi ní gbèsè kankan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti èrò. Àwọn iléeṣẹ́ mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni àwọn kan kì í yọjú, nítorí náà wọ́n a máa ta ìjókòó kọjá iye tó wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1972, agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ralph Nader fẹ́ wọ ọkọ̀ Allegheny Airlines láti Washington lọ sí Hartford, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé ibi ìwọkọ̀, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí ọkọ̀ gbéra. Wọ́n ní ìjókòó ti tán. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ó pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ pé iléeṣẹ́ náà fi títa ìjókòó kọjá iye pamọ́ fún èrò. Ní ọdún 1978, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò fínnúfíndọ̀ gba owó kí ó sì fi ìjókòó sílẹ̀, kí wọ́n tó fi agbára dá ẹnikẹ́ni dúró. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n wọ́ dókítà kan, David Dao, jáde nínú ọkọ̀ United Airlines ní Chicago, nítorí pé iléeṣẹ́ náà nílò ìjókòó mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí àwòrán náà.

Òfin wà fún irú èyí ní ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú. Òfin àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnàjò òfuurufú ní Nàìjíríà, sọ pé bí wọ́n bá dá èrò dúró nítorí pé wọ́n ta ìjókòó kọjá iye, ó kéré tán, ìdá 25 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò san fún un bí ó bá jẹ́ ìrìnàjò abẹ́lé, àti ìdá 30 nínú 100 bí ó bá jẹ́ ti òkè òkun. Ní Yúróòpù, òfin ọdún 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2005, fi owó náà sí 250, 400 tàbí 600 owó yúrò, gẹ́gẹ́ bí ìrìnàjò bá ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin Yúróòpù kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yìí gbọ́dọ̀ ti dé káńtà ní àkókò tí iléeṣẹ́ dá, bí iléeṣẹ́ kò bá sì dá àkókò kankan, ó pẹ́ tán, ìṣẹ́jú 45 ṣáájú ìgbéra. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wọn ọ̀rọ̀ Nader. Ìṣẹ́jú 5 ni ó kù nígbà tí ó dé. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà bíi Delta, American àti United ń ti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ìgbéra. Bí ó bá jẹ́ pé òde òní ni Nader dé bẹ́ẹ̀, wọn kì bá tilẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ ìjókòó tó kún. Wọn ì bá ní ó pẹ́. Ẹnu káńtà ni ẹ̀tọ́ èrò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irú àríyànjiyàn yìí kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2025, láàárín Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole, gómìnà Ẹdó tẹ́lẹ̀ rí, àti iléeṣẹ́ Air Peace, lórí ọkọ̀ Àbújá tó yẹ kí ó gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Iléeṣẹ́ náà ní ó dé lẹ́yìn tí àkókò ìwọkọ̀ ti parí. Òun ní òun ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì dé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo ńlá. N kò dá ẹjọ́ náà o. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ni pé àkókò tí ẹnì kìíní ń sọ kọ́ ni àkókò tí ẹnì kejì ń sọ. Ẹnì kan ń fi ìgbéra ṣírò, ẹnì kejì ń fi ìtìlẹ̀kùn ṣírò. Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún un fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé fíforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dá ilẹ̀kùn dúró. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti orí ibùsùn rẹ̀ tí kò sì dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ lásìkò lè pàdánù ìjókòó rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè. Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò mọ ìṣírò àkókò, nítorí náà ni a ṣe ń pẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Aago tí a ń wò kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju agogo lọ. A kàn pa /g/ àárín rẹ̀ jẹ ni. Ohun tí wọ́n ń lù ni, bí wọ́n bá sì ti lù ú, kò sí ẹni tó lè bẹ ohùn rẹ̀ kí ó padà. Ìṣẹ́jú, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́ ojú ni. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù, a ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀yà tó fi ojú ọ̀bọ wọn àkókò, ta ni yóò sọ pé kò bìkítà fún díẹ̀díẹ̀? Bí Orò bá fẹ́ jáde, ta ni ó ń sọ fún obìnrin pé kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un? Ìgbà tí a bá ti mọ orúkọ àkókò kan ni a máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìṣòro wa ní pápákọ̀ òfuurufú ni pé àkókò bíi márùn-ún ló wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni a mọ̀ lórúkọ, ìyẹn ìgbéra.

Ẹ jẹ́ kí á sọ wọ́n lórúkọ. Èyí àkọ́kọ́ ni àkókò ìforúkọsílẹ̀, nígbà tí káńtà bá ṣí. Èkejì ni àkókò ìpakáńtàdé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà yóò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni pa…dé; ohun tí a ń pa dé ni ó máa ń há sáàárín rẹ̀, bí èmi àti ìyá mi ṣe há lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta ni àkókò ìwọkọ̀. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí odi yí ìlú wa ká, ibodè ni a ń pe ẹnu ọ̀nà ìlú, oníbodè sì ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oníbodè a ti ibodè, arìnrìnàjò tó bá pẹ́ a sì sun ẹ̀yìn odi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ìlú ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ibodè gan-an ni. Nítorí náà, àkókò ìtibodè ni mo pe ẹ̀kẹrin. Ìgbéra ló gbẹ̀yìn, ọkọ̀ ló sì ni ín. Àkókò ti èrò ti parí kí ó tó kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìnàjò, ẹ wá ìpakáńtàdé rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì ka aago sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ẹ yọ wákàtí tí ọ̀nà yóò gbà. Ẹ yọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹ bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ yọ wákàtí kan fún ìdágbére, nítorí a kò ní ṣàìdágbére, kò sì yẹ kí á ṣíwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ méjì láti wọ̀, tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò sì so pọ̀, ẹ jẹ́ kí òru kan wà láàárín wọn. Èyí tí mo fi owó kọ́ nìyẹn.

Ìyá mi ti lọ, ó ti dé, ó sì tún ti lọ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin tuntun nílé wa pé ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò ni ọjọ́ ìdágbére. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ẹbí ń wá báyìí, wọn a gbàdúrà bó ti wù wọ́n kó gùn tó, Ìkéré náà ni yóò sì wá bá a ní Ìlúmọba. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, yóò ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bí mo bá ní kí ó sinmi, yóò ní, ‘Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.’

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìjọba Èkìtì ṣí pápákọ̀ òfuurufú tiwa ní ọ̀nà Adó sí Ìjàn, ojú ọ̀nà tí a gbà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí a kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo fi han ìyá mi, mo ní, ‘Màámi, ó ti dé ìtòsí wa o.’ Ó wo ọgbà náà títí a fi kọjá rẹ̀. Ó ní, ‘Èyí tó wà nítòsí ni a máa ń pẹ́ dé jù.’